Bíbẹ́ Orí Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Ní Ìyànà Ìbà, nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìdájọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dá. Bí ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣàdédé kú, tí ojú ẹ̀rọ sì wí pé òun kò lè ka ibi ìrántí, wọn a ní fáírọ́ọ̀sì ni. Àfi kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá odidi ọdún kan a sì bá a lọ. Ṣé ìwòsàn nìyẹn?

Àwọn alátìlẹyìn wọn a máa wí pé ó yá, kò sì wọ́n. Lóòótọ́ ni ó yá. Ṣùgbọ́n àrùn tí a kò mọ orísun rẹ̀, báwo ni a ṣe wò ó sàn?

Ìrántí kọ̀ǹpútà dà bí agboolé. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Windows, tí í ṣe baálé, ni ó sì ń pín yàrá fún ètò kọ̀ọ̀kan. Ètò tí ó bá ti ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀, baálé a lé e jáde. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó kọ ètò náà ni ó ṣì í kọ. Nígbà mìíràn, fáìlì ètò ni ó bàjẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, RAM ni ó ní àbùkù, tí ó ń yí ohun tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ padà. Fífọ́máàtì kò lè tún RAM ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ètò tí a ṣì kọ kò ní yé ṣìnà nítorí pé a tún un gbé sórí ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024, fáìlì kan tí CrowdStrike fi ránṣẹ́ mú kí ètò wọn ka ìrántí kọjá ààlà. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ó kàn. Oògùn tí wọ́n kéde ni pé kí a yọ fáìlì alábùkù náà. Wọn kò ní kí a nu iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nù.

Babaláwo kì í yan ẹbọ kí ó tó dá Ifá. Kí a kọ́kọ́ da iṣẹ́ kọ sórí fláàṣì. Bí ètò kan ṣoṣo ni ó ń kú, òun nìkan ni kí a tún gbé sórí ẹ̀rọ, tàbí kí a wá ẹ̀dà rẹ̀ tuntun. Bí ó bá jẹ́ oríṣiríṣi ètò ni, kí a lo ètò ìdánwò ìrántí tí ó wà nínú Windows, kí a sì yọ RAM wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí kọ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe náà sì kọ́kọ́ béèrè pé: "Ọ̀gá, kí ni ẹ rí tí ẹ fi ní kí á nù ún?" Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó máa lọ.