Ẹ̀jẹ̀ Nìkan Kọ́ Ni Ewu Inú Eré

 

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Irú èrò yìí ni àwọn kan ti fi ń gba Nintendo, ilé-iṣẹ́ eré orí ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Jàpáànù, nímọ̀ràn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní eré Mario tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ ṣe kò tó. Kí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣe eré ìpànìyàn àti eré aláìnítìjú bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn àgbà má baà sá fún un. Ǹjẹ́ ìmọ̀ràn náà dára?

Ẹ̀rí wọn kò ṣe é fojú rénà. Ní ọdún 1993, nígbà tí eré ìjà Mortal Kombat dé orí ẹ̀rọ inú ilé, Nintendo ní kí wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi òógùn rọ́pò rẹ̀. Sega, orogún rẹ̀, gba ẹ̀jẹ̀ náà láyè. Ti Sega ni ó tà jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà wá jẹ́jọ́ lórí ìwà ipá nínú eré ọmọdé. Láti ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ESRB ti jáde ní 1994, èyí tí ń fi ọjọ́ orí tí eré kọ̀ọ̀kan yẹ fún hàn. Ní 1994 kan náà, Nintendo gbà kí Mortal Kombat II jáde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni òpin rẹ̀? Ní 2001, Sega jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ eré. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò gbà á là. Nintendo wá àwọn àgbà lọ ní ọ̀nà mìíràn: ní 2005 ó ṣe eré ìdánrawò fún ọpọlọ, ní 2006 ó gbé ẹ̀rọ Wii jáde, ní 2007 ó ṣe Wii Fit fún eré ìmárale. Wii nìkan tà ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ó ya ẹ̀ka tuntun, kò sì ta ìtìjú rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí má ṣe tìtorí èyí dijú. Ní 1889 tí Fusajiro Yamauchi dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Kyoto, káàdì hanafuda ni ó ń ṣe, àwọn atatẹ́tẹ́ sì wà lára àwọn tí ń rà á. Ní 2017, Nintendo gbé Fire Emblem Heroes jáde sórí fóònù, níbi tí ènìyàn ti lè sanwó kí ó tó mọ ohun tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 2018, àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Belgium ka irú nǹkan báyìí nínú àwọn eré kan sí tẹ́tẹ́. Ní 2019, Nintendo kó eré náà kúrò níbẹ̀. Mario pàápàá kò yọ: Mario Kart Tour ti 2019 ní irú rẹ̀ nínú, títí wọ́n fi yọ ọ́ ní 2022.

Níbí ni ọgbọ́n wà. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú eré ìje Mario, kò sì sí ìhòòhò, síbẹ̀ tẹ́tẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́hun ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí nínú Súrà Màídà, ẹsẹ̀ 90, Ó sì pa á láṣẹ kí á jìnnà sí i. Orúkọ “eré ẹbí” kò lè sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́.

Nítorí náà, kí Nintendo ya ẹ̀ka tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó má ya sí ìpànìyàn, kí ó má sì padà sí ìdí tẹ́tẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má wo àwòrán ara páálí nìkan. Ẹ béèrè ohun tí eré náà ń fi han ọmọ, ohun tí ó ń gbà lápò rẹ̀, àti ìrun tí ó ń mú un pa jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, eré tí kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìpè ìrun ti kúrò ní eré.

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Mùsùlùmí rinlẹ̀ lójú ọ̀nà tààrà. Àmín.