“Used to” Kì í Ṣe “Máa ń”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, bí ó tilẹ̀ korò létí. A ń na ọmọ, a sì ń pè é ní olódo, nítorí àṣìṣe tí àwa fúnra wa fi kọ́ ọ.

Àwa ni a sọ fún un pé “used to” ni Òyìnbó ń pe “máa ń.” Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. “Máa ń” ń sọ pé ìṣe kan jẹ́ àṣà ẹni. Kò sọ ìgbà. Bí mo bá wí pé, “Nígbà èwe mi, mo máa ń pọn omi,” “nígbà èwe mi” ni ó mú wa padà sí àtijọ́. Ẹ mú un kúrò, omi ni mo ṣì ń pọn títí di òní. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ó ń fi ìgbà sí. Ohun tí a ti ń ṣe rí, tí a kò sì ṣe mọ́, ni “used to” ń fi yé ni.

Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá parí ẹ̀kọ́, tí ó ń wá iṣẹ́, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fẹ́ jẹ́rìí pé olóòótọ́ ni, tí ó wá kọ ọ́ pé, “She used to tell the truth,” ìyìn ni olùkọ́ rò pé òun kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á yóò rò pé ọmọ náà ti di òpùrọ́. “She tells the truth” ni ì bá kọ.

Ẹnìkan lè wí pé, ṣebí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun tí Ọlọ́run ṣì ń ṣe, nínú Sáàmù 119, ẹsẹ 132? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n “usest to” ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe “used to”. Ìlò náà sì ti kú lẹ́nu àwọn tí ó ni èdè.

Nítorí náà, kí a sọ pàṣán kalẹ̀. Kí a kọ́kọ́ bi ọmọ ní Yorùbá pé: “Ṣé ó ṣì ń ṣe é, tàbí ó ti ṣíwọ́?” Ẹni tí kò mọ ohun tí èdè tirẹ̀ ń wí, báwo ni yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí ti ẹlòmíràn? Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó lè sọ ọ́ láìṣìsọ pé: “We used to teach it wrongly.”