Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ti Ènìyàn, Báwo Ni Yóò Ṣe Gbọ́ Ti Ọlọ́run?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Kò rọrùn fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé àwọn gbàdúrà títí, Ọlọ́run kò dá àwọn lóhùn. Èmi náà ti ráhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé Ọlọ́run ti fèsì tipẹ́, etí mi ni kò sí nílé.

Ní ọdún 2014, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ní pálọ̀ mi, mo ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Òjò ń ṣú bọ̀ nígbà tí àbúrò mi kan wọlé. Aṣọ ni àbúrò mi yìí ń tà ní Ìbàdàn. Kò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, kò sì ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó sì ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ bá yín sọ."

N kò tilẹ̀ gbé bírò sílẹ̀. Mo ní, "Owó ni, àbí?"

Ó ní, "Kì í ṣe owó nìkan, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ kíyè sí ohun tó sọ o. Ó ní "kì í ṣe", ó sì ní "nìkan". Èmi kò gbọ́ méjèèjì. "Owó" tó wà láàárín ni mo gbọ́. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ni mo fi tan ara mi jẹ. Ọmọkùnrin náà sọ àbọ̀ tirẹ̀, èmi sì lọ fa odindi tèmi yọ nínú ikùn mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Mo sọ̀rọ̀ nípa àṣejù, mo sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń náwó kí èrè tó wọlé, mo sọ bí bàbá wa ṣe fi ìwọ̀nba owó kòkó tọ́ gbogbo wa. Mo sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi jinná ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo parí, àbúrò mi ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Inú mi dùn. Mo rò pé ìmọ̀ràn mi ti wọ̀ ọ́ lára.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ojú àbúrò mi kò dùn. Jọ̀wọ́, fi ohun tó ń ṣe é hàn mí." Mo gbàdúrà náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ṣe àmín, mo sì sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tí mo ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì, oorun kò sì sí lójú rẹ̀. Ìdáhùn àdúrà mi ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé mi kí n tó kúnlẹ̀ rárá, èmi ni n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò bá a mọ́. Ó ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn èyí ni ìyàwó rẹ̀ fi ẹkún pè mí lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ kejì rèé tí ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, òun kò sì mọ ibi tí ọkọ òun wà. A wá a dé ilé àwọn ọ̀rẹ́, a wá a dé ilé ìwòsàn, a wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ kejì tí a ti ń wá a ni màmá wa rí ẹni rán sí wa láti abúlé pé ọ̀dọ̀ òun ló wà, pé kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Ìbínú àti àánú dàpọ̀ mọ́ra nínú mi. Mo ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí màmá fà mí láṣọ. Ìyá arúgbó tí kò jókòó ní kíláàsì kankan rí ní, "Tíṣà, pa ẹnu dé. Jókòó tì í."

Mo jókòó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ṣe iṣẹ́ kan rí tó le tó ìjókòó yẹn. Ọ̀rọ̀ ń hó lẹ́nu mi bí omi orí iná, mo sì ń gbé e mì. Oòrùn ti yẹ̀ lórí kí àbúrò mi tó yíjú sí mi. Ó wò mí títí, mo rò pé ìwàásù ló ń retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ogún ọlọ́jà ló ń dá àjọ sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ra ọjà tan owó náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òun yóò fi lò ó, ó sì gbé e sá lọ. Ẹni tó kàn láti kó àjọ ti ń béèrè. Ìtìjú náà ju ohun tí ọkàn rẹ̀ lè gbé lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá dágbére fún ilé bàbá wa ni. N kò fẹ́ wà láyé mọ́. Màmá ni kò jẹ́ kí n rí àyè. Láti ìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń sùn sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ọjọ́ tí mo wá sílé yín, kì í ṣe pé mo wá tọrọ owó. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

N kò lè sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi. A mú un lọ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, èmi àti òun jọ lọ bá àwọn ọlọ́jà náà. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, wọ́n fún un ní oṣù méjìdínlógún láti san án. Ó san án tán. Ó wà láàyè lónìí, ó ń ta aṣọ rẹ̀, òun náà ló sì ní kí n sọ ọ́, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn ka ìtàn Élì àlùfáà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Hánà ń gbàdúrà ní Ṣílò nítorí pé kò rí ọmọ bí. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Élì wo ẹnu obìnrin náà, ó sì pinnu pé ó ti mutí yó. Àlùfáà Ọlọ́run rèé o, nínú ilé Ọlọ́run, tó rí àdúrà tó pè é ní ọtí! Ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ ló wà nínú òun, Élì kò bá a jiyàn. Ó gbọ́, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Ọmọ tí Hánà wá bí ni Sámúẹ́lì.

Ẹ wá wo Sámúẹ́lì náà. Ó ń sùn nínú ilé Olúwa, ó gbọ́ tí a pè é lóru, ó rò pé Élì ni. Ó dìde, ó sáré lọ. Bàbá ní òun kò pè é. Ó tún gbọ́, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé ọmọdé ló ṣe é, kò mọ ohùn Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń dìde lórí ẹní lóru nígbà tí àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn bá pe ni, láìkùn, láìpòṣé. Etí tó fi ń jẹ́ ìpè bàbá arúgbó náà ló fi gbọ́ ìpè Ọlọ́run. A kò fún un ní etí mìíràn. Ká ní ọmọ tí ń fi aṣọ borí nígbà tí àgbà bá pè é ni, ibo ni ìbá ti gbọ́?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Élì ní kí ọmọ náà sọ ohun tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ kíkorò ni, ìdájọ́ lórí ilé Élì fúnra rẹ̀ ni. Bàbá náà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, kò nà án, kò pè é ní aláfojúdi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwa Yorùbá náà ní àpẹẹrẹ tiwa. Ajàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, kò ṣàdédé jókòó kọ Bíbélì Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àti òwe tí ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ ń kó jọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843; odindi Bíbélì tí òun àti àwọn mìíràn túmọ̀ kò parí títí di 1884. Ọdún mọ́kànlélógójì ló wà láàárín wọn. Kí Yorùbá tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lédè ara rẹ̀, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí náà mọ iyì ìdákẹ́jẹ́ẹ́: nígbà tí lèmọ́mù bá ń ka kútúbà ní ọjọ́ Jímọ̀, a kì í sọ̀rọ̀, a kì í tilẹ̀ sọ fún ẹnìkejì pé kó dákẹ́.

Báwo ni kí a wá ṣe é? Èdè wa ti kọ́ wa. A máa ń ní kí ènìyàn tẹ́tí, ìyẹn ni kó tẹ́ etí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Ẹni tó tẹ́ ẹní fún àlejò, tó tún sùn lé e fúnra rẹ̀, ibo ni kí àlejò jókòó sí?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun ní ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ pa ìwé gbèsè dé, ẹ da fóònù délẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá dí nídìí àtẹ, ẹ sọ fún un pé, "Dúró dè mí títí ọjà yóò fi tú," kí ẹ sì dúró lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó parí. Bó bá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà dákẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ kì í ṣáájú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, "Ṣé ohun tí o ń wí ni pé báyìí báyìí?" kó lè tún un ṣe bí ẹ bá ṣì í gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ayé sú òun, ẹ má ṣe bú u, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ pe ará ilé, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bákan náà ni àdúrà. Bí ẹ bá ti sọ tẹnu yín tán, ẹ má ṣe tètè dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Kì í ṣe gbogbo ohùn tó bá sọ sí wa lọ́kàn ni ti Ọlọ́run. Bí ohùn kan bá ń gbè wá nígbà gbogbo, tó sì jẹ́ pé àpò ẹlòmíràn ló ń fò lù, ikùn ara wa ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ohùn tí Sámúẹ́lì gbọ́ kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ wo inú ilé yín yíká. Ta ló ti ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ń sọ fún un pé ó di ọ̀la? Ẹ lọ tẹ́tí sí i ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni ìdáhùn àdúrà yín wà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí etí wa di.