Kẹ̀kẹ́ àti Ọmọ Ọwọ́

Òbí tí ó ní ọmọ ọwọ́ kì í sun oorun àsùnwọra. Bí ọmọ kò bá sunkún ebi, yóò sunkún inú rírun. Bí ó bá sì dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni yóò jí béèrè omi. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá àwọn bàbá ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn yóò sì tún gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn ará ilé a máa wí pé kẹ̀kẹ́ náà ni ó ń pa wọ́n, kí wọ́n tà á.

Ẹ̀bi yìí kò tọ́ sí kẹ̀kẹ́. Àìsùn ni ó ń rẹ ènìyàn. Ẹni tí ó bá na iṣan lórí kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ a ti là kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh, tí a ń ṣe ní Nottingham, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tọ́ ọmọ. Àmọ́ ìyá àgbà àti àbúrò ìyàwó wà nínú agboolé nígbà náà. Ta ni yóò gba ọmọ pọ̀n ní ilé oníyàrá méjì ní Peckham?

Ewu gidi wà ní títì. Ọwọ́ ẹni tí ń tòògbé kì í tètè fa bíréèkì, awakọ̀ akẹ́rù tí ó sì ń yà sí òsì lè má rí i. Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi òfin de àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí awakọ̀ wọn kò lè rí ìta dáadáa, ṣùgbọ́n òfin náà kò lè la ojú oníkẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ kò bá jẹ́ kí bàbá sùn rárá, kí ó wọ ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó ṣeé ká dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: ó lè gùn ún lọ ní òwúrọ̀, kí ó sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí tí wọn kì í gba èyí tí kò ṣeé ká.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Bàbá tí ó fi òógùn wọlé, tí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi nítorí òun gun kẹ̀kẹ́ wá, ó rẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ. Ìyá ọmọ kò tíì jókòó láti òwúrọ̀. Kí bàbá rọra gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn àpọ́n sáré kọjá lára rẹ̀, kí ó lè kù ú ní agbára tí yóò fi wẹ ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ náà.