Ọkùnrin tó yìnbọn lu ìyàwó ẹ̀ lójú, owó ẹ̀ náà ni wọ́n fi kọ́lé táwọn ọmọdé ti ń wo ìràwọ̀!

Gbogbo alẹ́ tójú ọ̀run bá ti mọ́ kedere nílùú Los Angeles, l'Amẹ́ríkà, bí èrò ṣe máa ń tò lórí òrùlé ilé funfun kan tó wà lórí òkè, àfi bí ẹni ń tò fún epo bẹntiróòlù. Bàbá á gbé ọmọ sí èjìká, ìyá á fa èyí tó kù lọ́wọ́, arúgbó á máa fọ̀pá tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ohun tí gbogbo wọn tò fún ò ju kí kálukú fi ojú kan yọjú sínú awò ńlá tí wọ́n ń pè ní tẹlisíkóòpù, kó rí òṣùpá bí ẹni pé àdúgbò kejì ló wà, tàbí kó rí Saturn pẹ̀lú òrùka tó yí i ká. Wọn ò sì ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Griffith Observatory ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1935, ni wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé ibẹ̀ látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tò síbẹ̀ tí ò mọ irú èèyàn tí Griffith yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ o.

Griffith Jenkins Griffith lorúkọ bàbá náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Griffith níwájú, Griffith lẹ́yìn. Ìlú Wales ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1850, kò sì tí ì pé ọmọ ogún ọdún tó fi dé Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ oníròyìn ló gbé e jáde: ìròyìn ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù àti fàdákà ló ń kọ sínú ìwé ìròyìn kan ní San Francisco, ibẹ̀ ló ti mọ ibi tówó wà, lòun náà bá di olówó. Ó ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ sí Los Angeles, ó fẹ́ Christina Mesmer, ọmọ olówó, lọ́dún 1887, ó sì ń jẹ́ káwọn èèyàn máa pe òun ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ oyè náà ò kàn án níbi kankan. Nígbà tó di Kérésìmesì ọdún 1896, ó ta ìlú lọ́rẹ ilẹ̀ tó tó 3,015 éékà, ó ní kí wọ́n fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́ fáwọn mẹ̀kúnnù. Ta ni ò ní í kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kú iṣẹ́?

Àṣé ọtí ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀. Níta, bí ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí rárá ló ń ṣe, nílé, wisikí ló ń dà mu bí omi. Ọtí ọ̀hún dà á lórí rú débi tó fi gbà pé Póòpù Róòmù àti ìyàwó òun, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ti jọ gbìmọ̀ láti fún òun ní májèlé jẹ, kí wọ́n lè kó owó òun lọ. Lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1903, nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Santa Monica tí wọ́n ti lọ lo ìsinmi, ó gbé ìwé àdúrà lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní kó kúnlẹ̀, ó wá ń bi í bóyá ó ti fún òun ní májèlé rí, bóyá ó ti yan àlè rí. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí ìyẹn ti ń bẹ̀ ẹ́ ló ti yìn ín. Orí tí Christina yí gbirí ló yọ ọ́, ọta ò pa á, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ kan lọ. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ó bẹ́ gba fèrèsé, ó já sórí òrùlé tó wà nísàlẹ̀, èjìká ẹ̀ kán, ibẹ̀ ni wọ́n ti dóòlà ẹ̀mí ẹ̀.

Lọ́yà olókìkí kan, Earl Rogers, ló gbèjà Griffith ní kóòtù. Kò sọ pé oníbàárà òun ò yìnbọn o, ohun tó ń sọ ni pé ọtí ti sọ ọ́ di wèrè. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní San Quentin. Nígbà tí ìyàwó gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ dé kóòtù lọ́dún 1904, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ladájọ́ fi tú wọn ká, ọ̀dọ̀ ìyá sì lọmọ wọn ọkùnrin wà.

Ẹlòmíì, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Griffith ò fi ibẹ̀ ṣe òpin. Ó ti fojú kan ìràwọ̀ nínú awò ńlá tó wà lórí òkè Mount Wilson, ìgbàgbọ́ ẹ̀ sì ni pé bí gbogbo aráyé bá lè rí ohun tóun rí, ìwà wọn á yí padà. Lóṣù kejìlá ọdún 1912, ó ní òun fẹ́ gbé 100,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ irú ẹ̀ fún aráàlú. Ni ìlú bá dàrú. Àwọn kan ní owó kì í rùn. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e jìnnà, pé irú ẹni wo ló yìnbọn lu ìyàwó ẹ̀ tán tí wọ́n á tún kọ orúkọ ẹ̀ sára ilé fáwọn ọmọdé? Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Títí Griffith fi kú lọ́dún 1919, ẹnikẹ́ni ò fi búlọ́ọ̀kù kan lékejì. Ṣùgbọ́n ó ti kọ owó náà sínú ìwé ìhágún ẹ̀, òun ni wọ́n wá gbé jáde tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1933.

Lónìí, orúkọ Griffith ló wà lára ọgbà, òun náà ló wà lára ilé. Christina tí ojú ẹ̀ bá a lọ ń kọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, àfi kó lọ tú ìwé ìtàn wò.

Ká má purọ́ ṣá, ilé náà dáa. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, irin rogodo kan báyìí tí wọ́n fi okùn gígùn so mọ́ àjà lẹ máa kọ́kọ́ rí, 240 pọ́n-ùn ni ìwọ̀n ẹ̀. Ó kàn ń fì lọ fì bọ̀ ni. Ayé tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé òun ló ń yà, tí yóò máa bi àwọn èèkàn kéékèèké tí wọ́n tò yí i ká ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé á rọ̀ mọ́ irin tí wọ́n fi ṣọ́ ọ, wọn ò ní í jẹun, wọn ò ní í mumi, àfi kí èèkàn kan tó ṣubú, ariwo á wá sọ! Ẹ̀rọ Tesla náà wà níbẹ̀ tí iná ẹ̀ ń kọ mànà bí ìgbà tí Ṣàngó ń bínú. Lọ́sàn-án, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán oòrùn wọlé, tí ojú ò fi ní í bàjẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń sanwó ni gbọ̀ngàn Planetarium. Àga ibẹ̀ dà sẹ́yìn, àjà ẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n á paná, ìràwọ̀ á sì bò yín lórí bíi tabúlé tí ò níná. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èèyàn gidi ló ń dúró ṣàlàyé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn tó máa lọ sínú òṣùpá pẹ̀lú ọkọ̀ Apollo bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tàbí ẹbí lágbègbè yẹn, tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn, ẹ má lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n máa ń tì. Owó pákíǹgì lórí òkè náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, bọ́ọ̀sì ló sàn jù. Ẹ sì yáa lọ wọ ìlà awò náà kílẹ̀ tó ṣú jù, torí àwọn tó ti yọjú wò ó látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méje, ìlà ọ̀hún kì í sì í kúrú. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́ jù, iná mọ̀nàmọ́ná ìlú nìkan ló máa rí wò látorí òkè kó tó máa lọ sílé.