Joseph Garba: Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe yíyan olórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1975 mu. Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà ní Kampala, níbi ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n kéde lórí rédíò pé ó ti kúrò lórí àléfà. Ẹni tó ṣe ìkéde náà kì í ṣe àjèjì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Joseph Garba ni, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo Gowon fúnra rẹ̀.

Ọdún 1943 ni wọ́n bí Garba ní Langtang, ní Ìpínlẹ̀ Plateau òde òní. Ó lọ sí iléèwé ológun ní Zaria, ó sì kọ́ṣẹ́ ogun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1968 ló ti ń darí àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn tí aráàlú máa ń rí lọ́jọ́ òmìnira, tí aṣọ wọn ń dán, tí ẹsẹ̀ wọn ń ró bí ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní àwíjàre. Gowon ṣèlérí láti gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún 1976, ó sì yẹ àdéhùn náà lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1974. Ìdìtẹ̀ náà kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Garba di kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì di ààrẹ àpéjọ gbogbogbòò àjọ náà lọ́dún 1989. Ó kú lọ́dún 2002.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn tó dára kì í sọ ohun tó wọ́ di títọ́. Aráàlú ni Gowon jẹ ní gbèsè àdéhùn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí a bá yin ẹ̀ṣọ́ tó yọ olórí tó yẹ àdéhùn, kí la ó sọ fún èyí tó yọ ẹni tí aráàlú dìbò yàn? Lọ́jọ́ 26, oṣù Keje, 2023, ní orílẹ̀-èdè Niger tó múlé tì wá, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, ló gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum, tí wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí. Ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jáde, ìbò aráàlú ni kó sọ ọ́.