Àjàgbọn Kì Í Ṣe Ọmọ Íńdíà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni wọn kò wo ilé rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ilé-kéwú, burtuqāl ni à ń kọ́ àwọn ọmọ láti pe ọsàn. Orúkọ ilẹ̀ Potogí ni. Bẹ́ẹ̀, ìhà Ṣáínà ni ọsàn ti ṣẹ̀. Àwọn oníṣòwò Potogí ni wọ́n gbé èyí tí ó dùn káàkiri. Àwọn Hausa ń pe àgbàdo ní masara, nítorí Masar ni wọ́n ń pe Mísírà. Ṣùgbọ́n Mẹ́síkò ni àgbàdo ti ṣẹ̀, ẹ̀yìn ọdún 1492 ni ó sì tó sọdá òkun. Àwa Yorùbá náà ní ọ̀pẹ òyìnbó, tí kì í ṣe ọ̀pẹ, tí kì í sì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbìn ín kí Columbus tó rí i lọ́wọ́ wọn ní 1493.

Èyí tí ó dùn wá jù ni àjàgbọn. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní tamr hindī, ìyẹn dàbínù Íńdíà. Kì í ṣe dàbínù, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí sì ni orírun rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ni ó kan ikùn nínú èyí? Ó kan ọkàn. Ọmọ tí ó bá gbà pé òkèèrè ni gbogbo ohun rere ti wá yóò fojú tẹ́ńbẹ́lú ti ilé rẹ̀.

A kò sọ pé àwọn tí ó sọ orúkọ wọ̀nyí purọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ti gbà á ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé nǹkan wá fún ni lè má jẹ́ ẹni tí ó ni ín. Ti oníṣòwò tí ó ń da ìrẹsì mìíràn sínú àpò, tí ó ń pè é ní Ọ̀fàdà, yàtọ̀: ó mọ̀ ọ́n mọ̀, ẹ̀tàn ni, ẹ̀sìn wa sì kọ̀ ọ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa orúkọ dà. Burtuqāl ni kí ọmọ kọ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi orírun kún ìtumọ̀, kí òbí sì fi orúkọ Yorùbá rẹ̀ kọ́ ọmọ nílé. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ ṣe wá láǹfààní. Àmín.